Ilẹ̀ Tí Kò Tíì Ní Onílẹ̀

Tempaalga, oṣù kìíní, ọdún 1938

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ilé, mo kí gbogbo àwọn ìyá mi. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti rọ̀? Mo kí Nobila àbúrò mi, mo sì kí Pogbila ìyàwó mi pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Amadu tó ń kọ̀wé níbi tí wọ́n ń kó òwú sí ló ń bá mi kọ èyí. Ọmọ Bámbárà ni. Ó gbọ́ èdè wa, àfi pé ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó fi ìyẹ̀fun sẹ́nu.

A dé láyọ̀. Àwa tí Náábà, ọba wa, yàn lágbègbè wa jókòó sínú lọ́rì títí eruku fi sọ gbogbo wa di àwọ̀ kan náà. Ibi tí wọ́n já wa sí, igbó ẹlẹ́gùn-ún ni, pẹ̀lú ilé amọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ìlà gbọọrọ, tí gbogbo ẹnu ọ̀nà wọn kọjú síbì kan náà. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ nọ́ńbà, torí náà ẹni tó bá mutí díẹ̀ á wọ ilé onílé lọ sùn. Òyìnbó ń fi nọ́ńbà pe abúlé náà. Àwa ń pè é ní Tempaalga, torí ilẹ̀ tuntun ni.

Wọ́n ní wọ́n ti sé odò ńlá lókè, pé omi rẹ̀ máa gba inú kòtò tí à ń gbẹ́ yìí wá bá wa lóko. Bí wọ́n bá ti fun fèrè láfẹ̀mọ́jú la ti ń gbẹ́ ẹ. Mi ò tíì rí omi kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní ni pé kí ẹ jẹ́ kí Pogbila wá bá mi tó bá ti bímọ tán. Ilé mi ní yàrá méjì, mo sì ti rẹ́ ògiri ti inú. Ẹ bá mi fi irú ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹja ni wọ́n fi ń se gbogbo ọbẹ̀ níbí.

Èmi ọmọ yín,
Goama.


Lugubila, oṣù kẹrin, ọdún 1938

Goama,

A gbọ́ ìkíni rẹ. Ẹsẹ̀ mi ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí. Rasmané tó bá òyìnbó jagun rí ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ sójà kún un.

Pogbila ti bímọ, obìnrin ni. Ó pẹ́ kó tó ké. Mo gbé e lọ síbi ilẹ̀ àwọn baba wa, mo fi adìẹ bẹ ilẹ̀, ilẹ̀ sì gbà á. Tempoko ni mo sọ ọ́, nítorí ilẹ̀ ló bá wa mú un dúró.

Ó ku ìbéèrè kan. Ilẹ̀ tí o wà yẹn, ta ló ni ín? Kí o tó fi ọkọ́ kàn án, ta lo kí? Níbí, bí àlejò bá dé, onílẹ̀ ní í fi ibi tí yóò kọ́lé sí hàn án. Bí ènìyàn bá kú, onílẹ̀ ní í kọ́kọ́ la ilẹ̀. Bí wọ́n bá jà tí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, onílẹ̀ ní í tù ú. Rasmané ní òyìnbó ló ni ilẹ̀ tiyín. Mo ní kí òyìnbó náà dárúkọ baba rẹ̀ tí wọ́n sin síbẹ̀. Rasmané tún gègé rẹ̀ rì sínú tàdáwà.

Mi ò ní kó ìyàwó ilé mi àti ọmọ tí ilẹ̀ bá mi wò lọ síbi tí kò sẹ́ni tó lè bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣe iṣẹ́ tí Náábà rán ọ, kí o sì máa bọ̀ nílé.

Irú nìyí. Má fún àwọn Sámọ̀, ẹ̀yà tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, jẹ nínú rẹ̀.

Baba rẹ,
Tinga.


Tempaalga, oṣù kọkànlá, ọdún 1938

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti gbọ́ pé mo di baba ọmọ. Mo pe orúkọ náà nínú yàrá, èmi nìkan, kí n lè mọ bó ṣe máa ń dún.

Omi ti dé. Gbogbo wa dúró létí kòtò. Eku ló kọ́kọ́ sá jáde, ejò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni omi dúdú kan ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ewé gbígbẹ lórí. Ọ̀gá oko ní ká pàtẹ́wọ́, a sì pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbàlagbà kan láti Yatenga bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní gbogbo ayé òun lòun fi wojú òjò, àṣé omi lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá àgbẹ̀. Òwú mi yọ dáadáa, àmọ́ a kì í jẹ òwú.

Tempaalga ti ń jọ ìlú. Ọjà kékeré kan ti wà létí afárá, wọ́n sì ti kọ́ ilé ìwòsàn kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ páànù. Àwọn Sámọ̀ ló wà ní ìlà tó tẹ̀ lé tiwa. Ògiri Toma kan tèmi. Láràárọ̀ ni yóò na ọrùn, á ní, “Ẹrú mi, ta ló ní kó o jí kí n tó jí?” Èmi á ní, “Ajẹ-ajá, fẹnu rẹ pa mọ́, ìrù ajá ń yọ níbẹ̀.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àwàdà tiwa tiwọn ṣe rí látayébáyé nìyẹn. Ó ti jẹ nínú irú yín. Ó ní kí n kí yín, pé ẹrú òun lẹ̀yin náà.

Ọ̀rọ̀ onílẹ̀ tí ẹ sọ, mo bi àwọn àgbà tó wà láàárín wa, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó bá rúbọ sí ilẹ̀ yìí ti di ti ilẹ̀ náà, kò lè padà sílé baba rẹ̀ mọ́ láéláé. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa là ń múra àtilọ. Torí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Ọ̀gá oko ní ẹni tí kò bá ní ìyàwó lọ́dọ̀ kò ní pẹ́ sá, pé òun á gba oko irú wọn. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Pogbila. Mo fẹ́ rí ọmọ náà.

Goama.


Lugubila, oṣù kejì, ọdún 1939

Goama,

Pogbila ò bá mi jà. Ó kàn ń lọ ọkà bí ẹni tó ń bá ọlọ jà ni. Ìyá rẹ ní èmi ni ọlọ náà.

Ó dáa, mo gbà. Bí a bá kórè ọkà tó ń bọ̀ yìí, èmi fúnra mi ni n ó sìn ín dé ojú títì. Ọmọ á bá a lọ títí yóò fi já lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn náà ẹ ó dá a padà fún wa. Kò wù mí. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn obìnrin ilé yìí ti pọ̀ jù mí lọ.

Nobila hun ẹ̀wù kan fún ọ, aláró tó ní ìlà funfun lẹ́yìn àti láyà. Kò sí irú rẹ̀ lágbègbè yìí, ó sì ti ń yangàn jù nítorí rẹ̀. Wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ bá dé.

Sọ fún Toma pé bàbá ẹrú rẹ̀ ní kó fọ eyín ajá kúrò lẹ́nu kó tó pe orúkọ òun.

Tinga.


Lugubila, oṣù kọkànlá, ọdún 1939

Goama,

A ti kórè. Ẹrù Pogbila wà ní dídì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì ń ta kókó rẹ̀ le lójoojúmọ́. A ò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ látìgbà tí ẹ̀wù ti wá bá ọ. Wọ́n ní ogun òyìnbó ti tún bẹ̀rẹ̀, pé àwọn tí wọ́n ń kó lọ sógun nìkan ni lọ́rì ń gbé báyìí. Tempoko ti ń rìn. Fèsì.

Tinga.


Lugubila, oṣù kẹta, ọdún 1940

Goama,

Kibsa ọmọ alágbẹ̀dẹ sá kúrò lọ́dọ̀ yín, ó fẹsẹ̀ rìn wálé. Ó ní àìsàn tó ń mú ọrùn gan wọ Tempaalga, pé wọ́n dí ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ó ní wọ́n gbé òkú kan kọjá níwájú òun láàárọ̀ ọjọ́ tí òun sá. Wọ́n ti bo ojú rẹ̀. Ẹ̀wù Nobila ló wà lára rẹ̀.

Mo bi í bóyá ó rí ojú náà. Ó ní òun rí ẹ̀wù náà.

Ìwọ tí mò ń kọ̀wé sí, bó bá jẹ́ irọ́, fèsì. Àwọn àgbà ní ká má fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, pé òkú tí a kò bá ṣe kì í rọ́nà lọ bá àwọn baba rẹ̀. Mo ní ká dúró. Mo ní kí Rasmané kọ ọ́ gàdàgbà.

Tinga.


Tempaalga, oṣù karùn-ún, ọdún 1942

Bàbá mi,

Èmi Goama ni. Mi ò kú.

Wọ́n mú Amadu lọ sógun, kò sì sí ẹlòmíràn níbí tó lè kọ èdè tí Rasmané gbọ́. Ìwé yín méjì tó kẹ́yìn dé ọwọ́ mi. Mo gbé wọn tọ málàámù lọ, ó ní irú ìwé òun kọ́ nìyẹn. Mo gbé wọn tọ akọ̀wé ọ̀gá oko, ó ní òun ò ráyè fún ìwé ẹbí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, mo rò pé ìkíni ni. Amadu dé lánàá. Òun ló kà wọ́n fún mi, ó kà wọ́n tán, ó ní kí n jókòó.

Toma ló kú, Bàbá. Àìsàn ọrùn náà mú un lálẹ́, kò rí àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò ní aṣọ kankan yàtọ̀ sí aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n fún wa, wọ́n sì gba ìyẹn padà. Èmi náà ti ń gbóná lára nígbà náà. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ ní ìhòòhò, kí àwọn Sámọ̀ máa sọ pé ẹrú òun fi òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹ̀wù náà wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé èmi náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Nobila nítorí ẹ̀wù rẹ̀.

Ara mi ti le. Lọ́rì ti ń gbé ènìyàn padà, tó bá kó ìrẹsì lọ, á kó èrò bọ̀. Ìlú ti tóbi. Mọ́sálásí wà, ibi tí wọ́n ń lọ ìrẹsì wà, àwọn obìnrin ń dín àkàrà létí afárá. Ẹ sọ fún Pogbila kó máa bọ̀. Yàrá inú ṣì wà bí mo ṣe rẹ́ ẹ.

Goama.


Lugubila, oṣù keje, ọdún 1942

Goama,

Rasmané ka ìwé rẹ, mo ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà a jókòó. Ìyá rẹ dìde, ó lọ bomi fún adìẹ.

A ti ṣe òkú rẹ. Mo dúró títí òjò kan fi lọ, mo dúró títí òjò kejì fi lọ. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí, mi ò rí ohun tí mo lè sọ fún wọn mọ́. A pọn ọtí, a pa ẹran, a fá irun, a sì pe orúkọ rẹ mọ́ ti àwọn baba wa. Nobila ti ṣú Pogbila lópó. Ó ti lóyún fún un.

Mo gba ọ̀dọ̀ onílẹ̀ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní ọmọ mi wà láàyè. Ó ní òun yọ̀ fún mi. Ó wá ní ẹni tí a bá ti da ọtí sílẹ̀ fún ti ní ìjókòó lọ́hùn-ún. Bó bá tún gba ẹnu ọ̀nà ilé yìí wọlé, ìjókòó náà yóò ṣófo, wọn yóò sì wá mú ẹlòmíràn nínú ilé láti jókòó síbẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́ fún wọn, mo rí i pé Tempoko ni gbogbo wa ń wò.

Goama, mo bẹ̀ ọ́, má wá. Èmi tí mo ní kó o máa bọ̀ nílé ni mo ń sọ ọ́.

Tinga.


Tempaalga, oṣù kẹwàá, ọdún 1942

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo gbọ́.

Nígbà tí Amadu kà á tán, mo lọ sóko. Ọjọ́ tó kàn wá láti ṣílẹ̀kùn omi ni. Mo ṣí i, mo dúró tì í títí oko fi mu yó, mo tì í padà. Amadu ló sunkún. Èmi ò sunkún, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá jẹun, ẹnu mi kì í mọ ohun tó ń jẹ.

Mi ò bá Nobila jà. Ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe. Ẹ sọ fún un.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ta ló wọ aṣọ mi tó fara wé mi lọ́jọ́ tí ẹ ṣe òkú mi? Kí ló ṣe?

Goama.


Lugubila, oṣù kìíní, ọdún 1943

Goama,

Ó yẹ kí ẹni tó bá béèrè gbọ́.

Ìyàwó àbúrò mi kékeré ni wọ́n yàn láti fara wé ọ. Ó wọ ṣòkòtò oko rẹ, ó dé fìlà rẹ, ó gbé ọkọ́ rẹ kọ́ èjìká. O mọ obìnrin yẹn, kò sí ohun tí kì í rí lára ènìyàn. Ó ń wo ojú ọ̀run kó tó dáhùn ọ̀rọ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ha etí bí ìwọ. Pogbila kúnlẹ̀ gbé ọbẹ̀ fún un, obìnrin náà tọ́ ọ wò, ó ní, “Ta ló se èyí? Ṣé irú ti tán láyé ni?” A rẹ́rìn-ín gan-an. Pogbila pàápàá rẹ́rìn-ín. Bí àwa ṣe ń ṣe òkú ẹni tí a fẹ́ràn nìyẹn, o mọ̀.

Tempoko, tí kò rí ọ rí, gbà á gbọ́. Ó ń tẹ̀ lé e káàkiri, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà mú. Ó ń pè é ní bàbá òun. Nígbà tí obìnrin náà bọ́ aṣọ rẹ tó padà sídìí ààrò rẹ̀, ọmọ náà ń wá ọ kiri, ó wo ẹ̀yìn àká ọkà, ó wo inú ilé àgùntàn. Mo sọ fún un pé o ti lọ sí Tempaalga. Ìgbà yẹn, irọ́ ni mo rò pé mo pa fún un.

Ó ń dùn mí débi pé mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo ń jí, mo ń jókòó sábẹ́ igi mi, ilẹ̀ ń ṣú.

Tinga.


Tempaalga, oṣù kejì, ọdún 1945

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ilé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Mi ò ní ọ̀rọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ti wá wà báyìí. Àwọn méjì jà nídìí ilẹ̀kùn omi, ọkọ́ ba orí ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ta sórí ilẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè tu ilẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá àgbàlagbà tó sunkún lọ́jọ́ tí omi dé kú. Kí ó tó kú, ó ní kí wọ́n gbé òun relé. Lọ́rì kì í gbé òkú. Ó ní bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má kàn wa ihò bí ìgbà tí wọ́n ń gbin òwú, kí ẹnì kan bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gba òun.

Àwọn àgbà wá bá mi, àti tiwa àti ti Sámọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, “Goama, gbogbo wa la ní ilé tí à ń lọ. Ìwọ nìkan ni kò ní.” Wọn ò sọ ọ́ láti fi mí ṣẹ̀sín. Mo wò ó, òótọ́ ni. Mo bi wọ́n bóyá adìẹ wà. Wọ́n ti gbé e lọ́wọ́.

Mo fi omi kòtò àti ìyẹ̀fun ọkà bẹ ilẹ̀, mo pa adìẹ náà, ó sì kú ní ojú sókè, àmì pé ilẹ̀ gbà á. Mi ò mọ orúkọ àwọn tí wọ́n kú síbí kí àwa tó dé. Toma ni mo kọ́kọ́ pè. Mo ní kó ṣílẹ̀kùn fún ẹrú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọkọ́ la ilẹ̀ fún bàbá náà.

Láti ìgbà náà, bí àlejò bá dé, wọ́n á mú un wá sọ́dọ̀ mi kó tó lọ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ọ̀gá oko. Òyìnbó ò mọ̀.

Goama.


Lugubila, oṣù kọkànlá, ọdún 1945

Goama,

Rasmané kà á fún mi, mo sì ní kó fi èmi àti ìwé náà sílẹ̀. Èmi ni mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ pé ta ló ni ilẹ̀ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni n ó fi san án.

Mo tún lọ bá onílẹ̀ wa. Mo ní òkú ò gbọdọ̀ wá bá alààyè, mo gbà. Ṣé alààyè ò lè lọ kí òkú ni? Ó ní, “Tinga, ta ni nínú wa tí kò sí lójú ọ̀nà ibẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo wí, mo ní lọ́rì ni n ó bá lọ, n ó sì padà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò rí èèwọ̀ kankan níbẹ̀.

Mò ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè ọdún tó ń bọ̀, èmi àti Tempoko. Ilẹ̀ náà ti ní onílẹ̀ báyìí, mi ò ní àwáwí mọ́. Pogbila ló di ẹrù rẹ̀, ó kó òrí àti irú sí i, ó ta kókó rẹ̀. Nobila ni ọmọ náà ń pè ní bàbá. Mo sọ fún ọ kí o lè ti mọ̀.

Sọ ohun tí a ó ṣe bí a bá dé, àti ohun tí ọmọ náà yóò máa pè ọ́.

Tinga.


Tempaalga, oṣù karùn-ún, ọdún 1946

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ẹsẹ̀ yín tó fẹ́ rìn jìnnà.

Wọ́n ti sọ fún wa pé kò sí túláàsì mọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ máa lọ sílé rẹ̀ kó máa lọ. Ìdajì ìlà wa ti ṣófo. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó lọ, ó wá dágbére fún mi bó ṣe yẹ. Àwọn mìíràn sì ti ń dé láti ibòmíràn, wọ́n gbọ́ pé omi kì í tán níbí. Mo ń fi ibi tí wọ́n máa kọ́lé sí hàn wọ́n. Àwọn yìí kì í kọ́ ọ ní ìlà.

Ẹ fi ẹ̀wù bo ọmọ náà lórí nínú lọ́rì, eruku pọ̀. Bí ẹ bá sọ̀ nídìí afárá, ẹ má béèrè Goama. Àwọn tó mọ orúkọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ẹ ní onílẹ̀ lẹ ń wá, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rí yóò mú yín wá.

Nobila ni bàbá Tempoko, mi ò ní bá a du ú. Kí ó máa pè mí ní onílẹ̀ bí àwọn yòókù. Mo máa ń dáhùn sí i.

Goama.